Ọdún Kan Tó Kù: Owó Ìrànwọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ọ̀yọ́, Ìwó àti Ìbàdàn wá bá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ tó pè wá jọ ti pinnu láti dá àpò owó kan sílẹ̀ tí a ó fi máa ran àwọn ọmọ ìlú tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú yìí tipẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ rọ̀ yín kí ẹ gbà. Bí owó tí a bá rí kó jọ kò bá tó láti gbé ọmọ láti ọdún kìíní ní yunifásítì títí dé òpin, ẹ jẹ́ kí a fi í sí ọdún tó kẹ́yìn, ìyẹn ọdún tí ọmọ yóò lò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Law School, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń dí mọ́ ọmọ tálákà lójú, ibẹ̀ náà sì ni olùrànlọ́wọ́ ti ṣọ̀wọ́n jù.

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọjọ́ tí ọmọ bá ti gba oyè ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ló ti di lọ́yà. Wọ́n á rán aṣọ ẹbí, wọ́n á se àsè, ará àdúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ náà ní lọ́yà láti ọjọ́ náà lọ. Ayọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n òfin kò tíì mọ ọmọ náà sí agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn ọdún 5 ní yunifásítì, ó ṣì ní láti lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní Law School, kí ó yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà amòfin tí a ń pè ní Body of Benchers pè é sí iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ẹni tí kò bá parí gbogbo èyí kò lè dúró níwájú adájọ́ láti gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò, bí ó ti wù kí èsì rẹ̀ ní yunifásítì dára tó. Ohun tó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹ̀yìn Law School ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn máa ń tó lọ sin ilẹ̀ baba wọn, nítorí náà kódà owó oṣù tí ìjọba ń fún àwọn agùnbánirọ̀, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú ìmọ̀ mìíràn ti ń gbà, kò tíì kàn wọ́n. Oyè ti wà lọ́wọ́, ìwé kò tíì parí, iṣẹ́ kò sí, àwọn òbí tí wọ́n ti ná gbogbo ohun tí wọ́n ní fún ọdún 5 sì rò pé àwọn ti sinmi.

Owó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí Law School tó dé, ìlú òyìnbó ni ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà ń lọ. Christopher Sapara Williams, tí ìdílé rẹ̀ ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣẹ̀ wá, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè sí iṣẹ́ náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1879. Nígbà tí Stella Thomas di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò di agbẹjọ́rò ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1933, oníṣòwò ńlá ni bàbá rẹ̀ ní Èkó. Mi ò sọ èyí láti bu iṣẹ́ ọpọlọ wọn kù, nítorí ìgboyà obìnrin náà ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbà rẹ̀ lọ. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé ilé tí owó wà ni iṣẹ́ òfin ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ọdún 1962 ni ìjọba ṣe òfin tó gbé Council of Legal Education, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, kalẹ̀, Law School sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Èkó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, kò di dandan mọ́ kí ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó di lọ́yà. Ọ̀nà ti súnmọ́ ilé, ṣùgbọ́n owó orí ọ̀nà náà kò kúrò níbẹ̀.

Nínú ìtàn wa, mo rí ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn tí a kò bí sínú ọrọ̀ gbà dé ibẹ̀. Ọ̀kan ni ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe akọ̀ròyìn, ó ṣòwò irè oko, ó sì ní ọkọ̀ akẹ́rù. Òwò náà gbé e dé òkè, ó sì gbé e ṣubú, ó sì ti pé ẹni ọdún 35 nígbà tó tó rí ọ̀nà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ọdún 1946 ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ọ̀nà alágbára ni èyí. Ẹni tí orí rẹ̀ kò bá le bí i tirẹ̀ yóò ti padà lẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì ni ti ọmọ bíbí ìlú yìí, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Ẹ mọ orúkọ náà lára yunifásítì wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ bí ó ṣe di lọ́yà. Ọdún 1910 ni wọ́n bí i. Olùkọ́ ni ní Baptist Academy ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ló di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service. Ní ọdún 1946, nígbà tó ti di bàbá ọlọ́mọ, ó rí sikọ́láṣíìpù gbà láti lọ kàwé ní ìlú ọba, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1950, ó ti parí ẹ̀kọ́ òfin. Ẹ̀ka òṣèlú tí olúkúlùkù wa bá wà kò ní kí a má gba òótọ́ ibẹ̀: bí kò bá sí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ìlú ì bá mọ̀ ọ́n sí, ipò agbẹjọ́rò tó fi wọ inú ìjọba orílẹ̀-èdè lè má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba àwọn òyìnbó ló yàn án. Bí wọn kò bá yàn án ńkọ́? Ẹni tó bá ń dúró de kí aláṣẹ òkèèrè rí ẹ̀bùn tó wà lára ọmọ rẹ̀ lè dúró títí.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìbíbíò ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọ 6 lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀kan náà láti kọ́ oríṣiríṣi ìmọ̀. Àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò kéékèèké àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan ló dá owó náà. Egbert Udo Udoma ni wọ́n yàn fún ìmọ̀ òfin, ó sì lọ kà á ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Nígbà tó padà dé, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó rán an lọ. Ó di Olórí Adájọ́ orílẹ̀-èdè Uganda ní ọdún 1963, ó tún wá di adájọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà, òun náà ló sì darí àpérò tó gbé ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa yẹ̀wò ní ọdún 1977 sí 1978. Ẹ ronú sí i. Àwọn tó dá owó náà kò mọ̀ pé adájọ́ ilẹ̀ méjì ni àwọn ń tọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹjọ́ pọ̀ ní ilẹ̀ wọn, wọn kò sì ní ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

A kò ní láti lọ yá irú àṣà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ ṣòwò ní Jos, ní Kánò, àti ní àríwá ilẹ̀ Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní ìparí ọdún 1969, kò sí ibi tí wọ́n dé tí wọn kì í dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, tí wọn kì í sì í fi owó ránṣẹ́ sílé fún iṣẹ́ ìlú. Èsúsú wà, àjọ wà, ọ̀wẹ̀ wà. Kìkì ohun tí a ń béèrè lónìí ni pé kí a darí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ síbi kan pàtó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iye tí ibi náà ń ná ni. Ní ọdún 2023, Law School gbé owó ilé-ìwé rẹ̀ kúrò ní ₦296,000 sí ₦476,000. Owó tí wọ́n ń san fún ilé-ìwé nìkan ni ìyẹn, kí á tó sọ oúnjẹ, ìwé, aṣọ àti ọkọ̀. Orílé-iṣẹ́ Law School wà ní Bwari, ní Àbújá, ó sì ní ẹ̀ka ní Èkó, ní Agbani ní ìpínlẹ̀ Enugu, ní Bagauda ní Kánò, ní Yola, ní Yenagoa àti ní Port Harcourt. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn ti Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ náà ló sì ń pín ọmọ síbi tó bá wù ú. Ọmọ tó jáde láti ojúlé wa ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n lè bá orúkọ rẹ̀ ní Yola, kí ó sì fi ọjọ́ méjì wà lójú títì pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ọmọbìnrin kan wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ìwé pélébé kan tó ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Wázò. Kò béèrè owó lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ kí n wò ó bóyá ó gbàgbé ohunkóhun. Ó kọ owó ilé-ìwé sí òkè, ó sì fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀. Ó kọ ẹ̀wù dúdú méjì, ẹ̀wù funfun mẹ́ta, bàtà dúdú. Ó kọ wíìgì àti gáùn, ó fagi lé e, ó sì kọ “yá” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ orúkọ ìwé márùn-ún, ó fagi lé mẹ́ta. Ó kọ owó ọkọ̀ lọ, kò kọ ti àbọ̀. Mo bi í pé báwo ni yóò ṣe padà wálé nígbà ìsinmi, ó ní òun yóò dúró síbẹ̀. Níbi tó kọ oúnjẹ sí, kò fi iye kankan síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ibi tí owó tó wà lókè yóò ti wá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ìyá òun ti ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́.

Mo ti ń ronú lórí ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà náà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí Thurgood Marshall fẹ́ lọ kọ́ òfin ní yunifásítì Howard ní ọdún 1930, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, ó sì fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ dógò kí owó ilé-ìwé ọmọ lè pé. Ọmọ náà ló padà di aṣáájú àwọn agbẹjọ́rò tó gba ìdájọ́ ọdún 1954 tó sọ pé kò bófin mu láti ya ilé-ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn funfun, òun náà sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ilẹ̀ náà, ní ọdún 1967. Ìtàn ńlá ni. Ṣùgbọ́n òrùka kì í lọ èlùbọ́. Ìyá tó bá ta irinṣẹ́ tó fi ń jẹun ti ta oúnjẹ àwọn àbúrò ọmọ náà pẹ̀lú, ó sì ti ta owó ilé-ìwé wọn tó ń bọ̀ lọ́nà. Bí a kò bá fẹ́ kí ìdílé kan tú ká nítorí kí ọmọ kan lè di lọ́yà, iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ó yẹ kí a tún mọ ohun tí ebi ń ṣe sí ìdánwò Law School. Ẹ̀kọ́ pàtàkì 5 ni wọ́n ń ṣe: ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn, ìlànà ẹjọ́ láàárín ènìyàn sí ènìyàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ohun ìní, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, àti ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò. Máàkì tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n fi ń pinnu ipò tí ọmọ yóò gbà. Ọmọ lè ṣe dáadáa gan-an nínú mẹ́rin, kí ó sì rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìkarùn-ún, kí gbogbo rẹ̀ sì di ti ìkarùn-ún náà. Ẹni tí kò bá yege nínú ẹyọ kan yóò tún un ṣe, èyí sì túmọ̀ sí owó mìíràn àti oṣù mìíràn nílé. Nínú ọdún kan náà yìí, wọ́n yóò rán wọn lọ sí kóòtù àti ọ́fíìsì àwọn lọ́yà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì san án fún wọn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ jẹ́ àsè alẹ́ tí a jogún láti ọ̀dọ̀ àwọn amòfin Lọ́ńdọ̀nù, dandan sì ni. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọdún kan péré ni, kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ìjọba kò sùn pátápátá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ó yẹ kí a sọ èyí náà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń fún àwọn ọmọ wọn tó wà ní Law School ní bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Òfin ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 náà ti ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba, owó náà kò sì ní èlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán ni wọ́n ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà bí ó bá ti ríṣẹ́. Bọ́sárì ní tirẹ̀ kì í sábà dé lásìkò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gbà á rí mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá ti wọ wíìgì tán ni owó máa ń wọlé nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì ń ka òfin ní Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Bowen ní Ìwó, tí wọ́n jẹ́ yunifásítì aládàáni. Àwọn òbí wọn ti rẹ̀ kí Law School tó dé. Kí a má ṣe rò pé olówó ni gbogbo ẹni tó bá rán ọmọ síbẹ̀.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí àpò owó wa rí? Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe fi iye owó kan dè é. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2022 pé ₦300,000 ni àwọn yóò máa fún ọmọ kan, wọ́n ì bá ti san gbogbo owó ilé-ìwé rẹ̀ tán pátá kí ó sì ṣẹ́kù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, owó kan náà yóò jẹ́ kí ọmọ náà máa wá ₦176,000 kiri, orúkọ ẹgbẹ́ yóò sì wà lórí rẹ̀ pé àwọn ló ń tọ́ ọ. Ohun tó yẹ kí a kọ ni pé a ó san owó ilé-ìwé tí Law School bá kéde fún ọdún náà, a ó sì fi owó oúnjẹ, ìwé àti ọkọ̀ kún un bí ibi tí wọ́n pín ọmọ sí bá ṣe jìnnà tó. Kí a san ti ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé. Kí a fún ọmọ ní ìyókù lóṣooṣù.

Èyí yóò jẹ́ kí iye ọmọ tí a lè ràn lọ́wọ́ kéré. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò fẹ́ kí a pín ₦50,000 fún ọmọ 30, kí gbogbo àdúgbò lè rí tiwọn gbà, láti Arówómọlé dé Sábó. Mo ta ko ó. Ẹni tí kò bá rí ₦426,000 tó kù kò lè fi ₦50,000 wọlé; a ti ná mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tán, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ọmọ kankan nínú wọn tí a gbé dé òdìkejì. Ọmọ 3 tó parí dára ju 30 tí a fọwọ́ kàn lọ. Ọ̀rọ̀ tó le ni, mo sì mọ̀ pé wọn yóò bínú sí ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n bínú sí wa nítorí pé a ṣe iṣẹ́ náà dé òpin.

Bí a óò ṣe yan ọmọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ti máa ń bàjẹ́. Kí ìgbìmọ̀ tí yóò yan wọn má ní òṣèlú tó wà lórí ipò nínú. Kí wọ́n ka èsì ọmọ àti ipò ilé rẹ̀ láì rí orúkọ rẹ̀. Ìwé tí a fi nọ́ńbà dípò orúkọ kò ṣòro láti ṣe. Ọmọ ẹni tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á ní ọdún tí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí a ti parí yíyàn kí Law School tó gbé orúkọ àwọn tó gbà wọlé jáde, nítorí àyè tí wọ́n ń fún wọn láti san owó kì í gùn, ọmọ tí kò bá sì ní owó lọ́wọ́ nígbà náà lè pàdánù àyè rẹ̀ kí ó sì tún dúró di sáà mìíràn. Kí a sì ka ìṣirò owó sí etí ìlú lọ́dọọdún, títí dórí owó páálí tí a fi tẹ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Mi ò fẹ́ kí a máa to àwọn ọmọ náà síwájú kámẹ́rà pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì ńlá tí a fi páálí ṣe. Ọmọ tí yóò di agbẹjọ́rò, tí yóò jókòó bá ẹlẹ́jọ́ kejì, tí yóò bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, kò yẹ kí àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń dọ̀bálẹ̀ gba owó máa tẹ̀ lé e kiri fún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá dá owó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi ṣe. Kò ní ẹ̀tọ́ sí ojú ọmọ náà.

Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ wọn ni iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí Marshall fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, Legal Defense Fund, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2021 tó ń san gbogbo owó ilé-ìwé òfin fún àwọn tí wọ́n bá yàn, ṣùgbọ́n àwọn tó bá gbà á ti ṣèlérí láti fi ọdún 8 jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù ilẹ̀ náà. Ọdún 8 pọ̀ jù fún wa. Ṣùgbọ́n a lè ní kí ọmọ tí ìlú bá rán lọ padà wá fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́, tàbí ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí wa ká, kí ó sì máa fi ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó rò láìgba kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgó ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ohun tí gbogbo ìlú rí ni pé àwọn tó ń retí ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí jákèjádò Nàìjíríà. Ènìyàn kan jí ewúrẹ́, tàbí wọ́n ní ó jí i, wọ́n gbé e lọ, kò mọ lọ́yà, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kò mọ lọ́yà, ọdún sì ń lọ. Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní Legal Aid Council fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n iye wọn kò tó. Ọmọ tó mọ àdúgbò tí ẹlẹ́wọ̀n náà ti wá, tó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó sì yé e, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé ilé tí owó kò sí rí, yóò ṣe iṣẹ́ náà ju àlejò tó ń ti Ìbàdàn wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ. Mo ti rí i ní kóòtù, mo sì lè fi ẹnu mi jẹ́rìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ńkọ́? Ìdílé mélòó ní ìlú yìí ló ti pàdánù ilẹ̀ baba wọn nítorí pé wọ́n tẹ ìka sí ìwé tí kò sí ẹni tó kà á fún wọn?

Bí ọmọ kan bá sì lọ tí kò yege nígbà àkọ́kọ́, kí a má ṣe pa á tì. Ẹni tó bá gbin iṣu, tó fi igi gbè é, tó ro oko náà lẹ́ẹ̀mejì, tó wá fi í sílẹ̀ nítorí pé òjò kan kò rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pàdánù. Kí ìlànà wa sọ ọ́ gbangba pé a ó san owó àtúnṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kan, láìsí ìbínú àti láìsí pé ọmọ náà yóò wá máa bẹ ìgbìmọ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ní ti owó tí a ó fi bẹ̀rẹ̀, àbá mi ni pé kí a kó ti ọmọ 3 jọ fún sáà tó ń bọ̀, kí a fi ti ọmọ kan pamọ́ fún ọjọ́ tí owó ilé-ìwé bá tún lọ sókè lójijì, kí a má sì kéde fún ẹnikẹ́ni kí owó náà tó wà ní báǹkì. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó jẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin ni mo ń wò jù. Ẹ mú wíìgì àti gáùn tí ẹ kò lò mọ́ wá. Ẹ mú ìwé òfin tó wà nínú àpótí yín wá, kí a gbé wọn sí ibi tí ọmọ lè ti yá wọn fún ọdún kan kí ó sì dá wọn padà. Ẹni tó bá lè gba ọmọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́, kí ó sì máa san owó ọkọ̀ fún un lójoojúmọ́, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kí a tó tú ká lónìí. Ìlànà tí mo kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà, ojú ìwé mẹ́rin ni. Kí ẹni tó bá rí ohun tí kò tọ́ nínú rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó sì dá a padà kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó wáyé, nítorí ní ìpàdé yẹn ni a ó dìbò lé e lórí.